Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá tó tọ́ mi dàgbà kì í ṣe immediate family ni?

Ìbéèrè yìí wá látọ̀dọ̀ arábìnrin kan ní Nyanya, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

“Ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí Lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú lóṣù tó kọjá. Àwọn ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì 2, ilé wọn ní Nyanya níbí ni mo ti jáde lọ sílé ọkọ, Dádì ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n gbé wọn lọ sin sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an, mo bá wọn lọ, mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì ní Wuse 2, HR ní compassionate leave wà fún immediate family nìkan, pé ọ́ńkù ò sí níbẹ̀, wọ́n bá yọ owó ọjọ́ mẹ́ta nínú owó oṣù mi. Mo tún wá gbọ́ pé orúkọ mi ni Dádì fi sí next of kin ní báǹkì, àwọn ọmọ wọn ti ń pè mí pé kí n wá buwọ́ lùwé. Ta gan-an ni immediate family? Kí ni òfin sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo tiẹ̀ lè fi ìyá ọkọ mi sí HMO mi?”

Àbúrò mi, o kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á fi àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ Dádì.

Kó o má bàa dúró pẹ́, ìdáhùn kúkurú rèé: kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó jókòó tó ní immediate family ni lágbájá àti tẹ̀mẹ̀dù fún gbogbo nǹkan. Ìwé tó bá wà níwájú ẹni ló ń túmọ̀ ẹ̀. Ìwé HR ní tiẹ̀, ìwé HMO, ìyẹn ètò ìtọ́jú ìlera tí ilé iṣẹ́ ń rà fún òṣìṣẹ́, ní tiẹ̀, ìwé físà ní tiẹ̀, kọ́ọ̀tù tó máa pín ogún náà ní tiẹ̀, èèyàn kan náà lè jẹ́ immediate family láàárọ̀ níbì kan kó sì di àlejò lọ́sàn-án níbòmíì. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní í kàn sọ fún ẹ pé HR yín jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi, ó dìgbà tá a bá rí nǹkan tí wọ́n kọ.

Jẹ́ ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látilé, torí ibẹ̀ ni wàhálà yìí ti ń wá. Nínú èdè wa, kò sí ọ̀rọ̀ fún immediate family. A ní ẹbí, a ní mọ̀lẹ́bí, a ní ìdílé àti agbo ilé, gbogbo ẹ̀ ló tóbi ju nǹkan tí HR ń sọ. Bẹ́ẹ̀ la ò ní ọ̀rọ̀ fún kọ́síìnì, ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ẹni tó ṣáájú ẹ, àbúrò ni gbogbo ẹni tó o ṣáájú, bàbá náà la máa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Ibi tí Yorùbá ti máa ń fi ọ̀bẹ gé e ni ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọ ìyá ẹ ni ẹni tẹ́ ẹ jọ mu ọmú kan náà, ọbàkan ẹ ni ẹni tẹ́ ẹ jọ ní bàbá nìkan, tí nǹkan bá sì dé, okùn ọmọ ìyá yi, ẹni tó bá dàgbà nílé olórogún mọ nǹkan tí mò ń sọ. Àwọn Hausa tá a jọ wà níbí náà rí bẹ́ẹ̀. Ɗan uwa, tó jẹ́ ọmọ ìyá tá a bá tú u, ni wọ́n ń pe ìbátan èyíkéyìí, tí wọ́n bá wá fẹ́ là á mọ́lẹ̀ wọ́n á ní uwa ɗaya uba ɗaya, ìyá kan bàbá kan. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbéèrè “same father, same mother?” ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì Abuja, ká máa ṣẹ́ ẹbí sí wẹ́wẹ́ kí òyìnbó inú fọ́ọ̀mù lè gbọ́.

Wọ́n bi èmi náà rí. Kí n tó lọ ka òfin ni, mò ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, bọ̀ọ̀dá mi wá kú ní Ọ̀fà. Mánéjà gbójú sókè látinú kọ̀ǹpútà, ó ní same father same mother? Mo ní rárá sà, bàbá tiwọn àti bàbá tèmi ni ọmọ ìyá. Ó ní “okay, cousin”, ó sì padà sórí nǹkan tó ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, torí bọ̀ọ̀dá yẹn ló ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé, bàtà tí mo wọ lọ kọ wáẹ̀kì, àwọn ló rà á. Ìgbà tí mo di lọ́yà tó ń bá ilé iṣẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò ní nǹkan kan lòdì sí mi, ìlà kan ló ń kà nínú ìwé, ìlà yẹn ò sì mọ bọ̀ọ̀dá mi rí.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí àwa lọ́yà sábà máa ń ṣí, Black's Law Dictionary, sọ pé immediate family èèyàn ni òbí ẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ òbí kan. Ó tún fi ìtumọ̀ kejì sí i tó ka àwọn ará ilé ọkọ tàbí ìyàwó náà mọ́ ọn, ìyẹn òbí, ọmọ àti àbúrò tiwọn, ó sì ní ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lábẹ́ òfin àti ọmọ tí ọkọ tàbí ìyàwó bí kí wọ́n tó fẹ́ra sábà máa ń wọlé. Ọ́ńkù ò sí níbẹ̀. Àmọ́ díṣọ́nnárì kì í ṣe òfin o, adájọ́ lè ṣí i tí ìwé bá dákẹ́, kò pọn dandan kó tẹ̀ lé e.

Tá a bá wá dé ọ̀dọ̀ òfin gan-an, wàá rí i pé ìjọba fúnra ẹ̀ ò ní ojú kan. Kónsítítúṣọ̀n 1999, nínú Fifth Schedule, ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kéde dúkìá tiẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ẹ̀ tí wọn ò tíì ṣègbéyàwó tí wọn ò tíì pé ọdún 18. Ó parí síbẹ̀, kò dárúkọ ìyàwó. Òfin tó dá Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń gba ìkéde dúkìá yẹn, sílẹ̀ wá fi ọkọ tàbí ìyàwó kún un, ó sì gbé ọjọ́ orí ọmọ lọ sí 21. Ọ̀rọ̀ dúkìá kan náà ni o, òṣìṣẹ́ kan náà. Ọmọ ọdún 19 tó wà ní yunifásítì Gwagwalada wà nínú ilé ní ojú òfin kan, kò sí níbẹ̀ ní ojú èkejì.

Òdìkejì ẹ̀ ni òfin VAPP 2015, òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí èèyàn, tó ń ṣiṣẹ́ níbí ní FCT, ìyẹn Abuja. Òun fẹ ẹnu ọ̀nà gan-an ni. Ẹni tẹ́ ẹ jọ tan, àna ẹ, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé kan, kódà ẹni tẹ́ ẹ ṣì ń fẹ́ra sọ́nà lásán, gbogbo wọn ni òfin yẹn kà sí ìbáṣepọ̀ inú ilé. Ó yé mi. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, o ò ní máa béèrè bàbá kan ìyá kan. Tó bá jẹ́ pé owó lo fẹ́ ná lé e lórí, kíá ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí. Ibi tí owó ti ń jáde ni ẹbí ti máa ń kéré, máa fi sọ́kàn bó o ṣe ń kà á lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ líìfù. Labour Act wa dárúkọ líìfù ọdọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 lẹ́yìn tó o bá ti lo oṣù 12, ó dárúkọ ti àìsàn, ó dárúkọ ti ìbímọ, àmọ́ kò dárúkọ líìfù òkú rárá. Ìyẹn ni pé compassionate leave tí HR ń sọ, ẹ̀bùn látọwọ́ ilé iṣẹ́ yín ni, wọ́n kọ ọ́ sínú handbook fúnra wọn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹni tó wà fún. Ohun tó kù fún wa ni ká mọ̀ bóyá nǹkan tí wọ́n sọ lẹ́nu náà ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìgbà mélòó ni mo ti bá HR jókòó tí wọ́n ń sọ nǹkan tí ò sí nínú ìwé tiwọn fúnra wọn, wọ́n kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn ni.

Gba handbook yẹn. Má béèrè lẹ́nu, fi ímeèlì béèrè kó lè wà ní àkọsílẹ̀. Tó o bá ti rí i, lọ síbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, iwájú tàbí ẹ̀yìn ló máa ń wà, kó o wá wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé immediate family. Tó bá jẹ́ “means”, ilẹ̀kùn ti tì, àwọn tí wọ́n dárúkọ yẹn náà ni, kò sẹ́lòmíì. Tó bá jẹ́ “includes”, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, àwọn tí wọ́n kà wulẹ̀ jẹ́ díẹ̀ lára wọn, o sì lè bá wọn jiyàn pé ẹni tó tọ́ ẹ láti pírámárì 2 wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti gba owó padà fún àwọn èèyàn níwájú mi. Tún wò ó bóyá wọ́n kọ “guardian” síbẹ̀ tàbí “in loco parentis”, èdè Látìn ni, òun ni ẹni tó dúró sí ipò òbí. Tó o bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ọ́ńkù kọ́ lo sin, ẹni tí ìwé tiwọn gan-an dárúkọ lo sin.

Àmọ́ wàá ní láti fi hàn. Wá káàdì èsì ìdánwò ẹ àtijọ́ níbi tí Dádì ti buwọ́ lù ú ní ipò òbí, tàbí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé sẹ́kọ́ńdìrì tí orúkọ wọn wà níbi guardian. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fà ẹ́ fún ọkọ lọ́jọ́ yìgì, ìwé yìgì yẹn náà wúlò, fi ẹ̀dà ẹ̀ há a. Kọ lẹ́tà ojú ewé kan, má sunkún nínú ẹ̀, má bú ẹnikẹ́ni. Tí ilẹ̀kùn bá wá ti gan-an, tó jẹ́ means ni, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí ọjọ́ mẹ́ta yẹn padà sí ara líìfù ọdọọdún ẹ, kí wọ́n dá owó padà. HR tó bá ní làákàyè á gbà, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀ tí wọn ò ti ní í san tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà ẹ ni next of kin. Wọ́n ní kó o wá buwọ́ lùwé. Ìwé wo? Má buwọ́ lu nǹkan kan tí o ò kà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ẹ ní káàdì ATM Dádì pé kó o lọ fi yọ owó òkú. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ dúkìá òkú láìgbàṣẹ, kọ́ọ̀tù lè ní kó wá ṣàlàyé gbogbo kọ́bọ̀, ì báà ṣe sàráà ọjọ́ mẹ́jọ ló fi owó yẹn ṣe.

Next of kin kì í ṣe ajogún. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka nǹkan yìí tún un kà. Níbi àkáǹtì báǹkì, ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, ó tán. Báǹkì ò lè torí pé orúkọ ẹ wà níbẹ̀ kó owó fún ẹ, wọn ò sì lè torí pé orúkọ ọmọ òkú ò sí níbẹ̀ fi owó yẹn dù ú. Ó níjọ́ kan tí mo tẹ̀ lé obìnrin kan lọ sí báǹkì lẹ́yìn ikú ọkọ ẹ̀. Ó gbé àpò ìwé búráwùn kan dání, sátífíkéètì ìgbéyàwó, sátífíkéètì ikú, fọ́tò àwọn ọmọ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ló tò sí bó ṣe yẹ. Ọmọ báǹkì yẹn yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa díẹ̀. Orúkọ tó wà níbi next of kin, ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ̀ kan ni, wọ́n jọ sìnrú ìlú ní Jalingo, ìgbà yẹn ni bàbá yẹn ṣí àkáǹtì, kò pàdé ìyàwó ẹ̀ ọ̀hún rí ayé. Níbi relationship wọ́n kọ “brother”. A pe nọ́ńbà yẹn, kò lọ. Obìnrin yẹn jókòó sórí àga ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni pé ọkọ ẹ̀ fẹ́ ẹlòmíì ní ìkọ̀kọ̀. Mo ní màmá, ẹ nu ojú yín, orúkọ yẹn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, orúkọ tiyín ì bá sì wà níbẹ̀ kò ní í fún yín ní nǹkan kan, probate là ń lọ, ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù tó ń rí sí dúkìá òkú.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀yin náà ń lọ, Probate Registry ní High Court FCT. Tí Dádì bá kọ wíìlì, wọ́n á fi wíìlì yẹn gba probate. Tí wọn ò bá kọ ọ́, àwọn ará ilé á gba ìwé tí wọ́n ń pè ní letter of administration, ìwé tí kọ́ọ̀tù fi ń yan àwọn tó máa kó dúkìá òkú jọ, san gbèsè ẹ̀, kí wọ́n tó pín in. Kì í ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ìyàwó òkú àtàwọn ọmọ ni wọ́n sábà máa ń wò kí wọ́n tó kan òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n á béèrè sátífíkéètì ikú, ẹ máa kọ dúkìá sílẹ̀, ẹ máa mú onídùúró wá, wọ́n á gbé e sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á dúró fún ọjọ́ 21 bóyá ẹnì kan máa jáde wá takò ó, kọ́ọ̀tù náà á sì gba owó tiẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dúkìá ṣe tó. Ó máa ń pẹ́, ó máa ń sú èèyàn, àmọ́ kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ò ní í dá ìjà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé tí àwọn ọmọ Dádì fẹ́ kó o buwọ́ lù ni pé o ò takò wọ́n, kà á, tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, buwọ́ lù ú kó o sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìwọ ni ọmọ tàbí ajogún, má ṣe é o, irọ́ níwájú kọ́ọ̀tù nìyẹn, ì báà ṣe ìfẹ́ ló mú wọn kọ ọ́.

Ibì kan wà tí orúkọ inú fọ́ọ̀mù ti ń gbé owó dání, kí n má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra group life insurance fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún, tí òṣìṣẹ́ yẹn bá kú lẹ́nu iṣẹ́, beneficiary tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n máa san án fún. Kì í ṣe next of kin, beneficiary ni wọ́n pè é, ìlà ọ̀tọ̀ ni nínú fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fi í sílẹ̀ ní òfìfo. Àmọ́ owó tó wà nínú RSA, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń fi pamọ́, wíìlì tí kọ́ọ̀tù ti gbà tàbí letter of administration ni wọ́n máa béèrè. Tí Dádì bá ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó kú, ọ̀rọ̀ RSA ló ṣeé ṣe kó kan àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n béèrè.

Ta wá ni wọ́n máa pín in fún? Ibí yìí ni immediate family ti máa ń yà mí lẹ́nu jù, torí ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tiẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀sìn, òun ló sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Dádì tó jẹ́ mùsùlùmí ọmọ Ìlọrin. Nínú òfin Islam, bí òkú bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, tí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ wọ́n á jọ pín ìdá yẹn ni. Tí ìyá Dádì bá ṣì wà láyé, ìdá kan nínú mẹ́fà ni tiwọn, bàbá wọn náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Ìyá arúgbó tó jókòó sí Ìlọrin wà nínú ẹ̀ láìjiyàn, ẹni tí HR púpọ̀ á kà sí immediate family náà nìyẹn, àmọ́ ìwọ tó o jẹ́ ọmọ àbúrò ò sí níbẹ̀, ọmọ tí èèyàn tọ́ ò sì di ọmọ bíbí níbi ogún. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè mú ẹ wọlé ni wàsíyà. Dádì lè ti sọ ọ́ tàbí kọ ọ́ pé kí wọ́n fún ẹ ní nǹkan, tí ò bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí wọ́n ní. Wàsíyà ò wà fún ajogún, irú ìwọ yìí gan-an ló wà fún. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan, tí wọn ò bá gbọ́, fi sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àṣà Yorùbá. Ẹjọ́ tí gbogbo wa kà níléèwé ni Dawodu v Danmole. Bàbá kan ní Èkó, Suberu Dawodu, kú láìkọ wíìlì, ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, wọ́n wá ń jà bóyá ìdí igi ni wọ́n máa fi pín in, kí ilé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan, tàbí orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ orí ò jorí, ó ní òun ló bá ayé òde òní mu. Wọ́n gbé e dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, ìdájọ́ jáde lọ́dún 1962 pé ìdí igi ni àṣà, orí ò jorí wà lọ́wọ́ olórí ẹbí tó bá rí i pé ìyẹn ló máa pa ìjà. Ṣé o rí i pé ìyá là ń kà, àmọ́ ìyá yẹn fúnra ẹ̀ ò gba nǹkan kan? Torí lábẹ́ àṣà wa, bí kọ́ọ̀tù ṣe sọ ọ́ nínú Suberu v Sunmonu lọ́dún 1957, ìyàwó kì í jogún ọkọ ẹ̀. Obìnrin tó bá ọkùnrin sùn fún ogójì ọdún, tó bí ọmọ márùn-ún fún un, kì í ṣe immediate family níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn òfin yẹn, mi ò sì ní í díbọ́n pé mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tó ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù. Láti Cole v Cole ní 1898 ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó bá fi ìgbéyàwó kirisẹ́ẹ́nì gbé ara ẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà, àbúrò ẹ̀ ò lè dédé dìde pé àṣà sọ òun di ajogún kó sì ti ìyàwó àti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ bíbí níta náà ńkọ́? Kónsítítúṣọ̀n, section 42, ní a ò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí èèyàn fi nǹkan dù ú, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti tẹ̀ lé ìyẹn.

Kí n yára fọwọ́ kan físà torí àwọn kan á béèrè. Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ kan, immediate relative, fún ọmọ ìlú wọn: ọkọ tàbí ìyàwó, ọmọ tí ò tíì pé 21 tí ò tíì ṣègbéyàwó, àti òbí tí ọmọ ìlú yẹn bá ti pé 21. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò sí níbẹ̀, ìlà tiwọn wà lọ́tọ̀, ó sì gùn ju ti epo lọ. Kánádà ń ka ọkọ, ìyàwó, àti ọmọ tí ò tíì pé 22, bàbá àti ìyá ò bá ẹ wọ ọkọ̀ yẹn. Ní UK, láti oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ẹnikẹ́ni dání mọ́ àyàfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí bíi PhD. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ọmọ àbúrò àwọn ni ọmọ bíbí àwọn, kí ó lè wọ fọ́ọ̀mù. Kánádà á fi ọdún 5 tilẹ̀kùn mọ́ ẹ tí wọ́n bá mú ẹ. Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ ẹbí tó sì fẹ́ kí ìwé mọ̀ ọ́n, kó lọ gba adoption tàbí guardianship lábẹ́ Child's Rights Act 2003 tó ń ṣiṣẹ́ ní FCT. Ká ní Dádì ṣe ìyẹn nígbà tó o wà ní pírámárì, lẹ́tà tó o kọ sí mi yìí ì bá má gùn tó báyìí.

Ìyá ọkọ ẹ ló kù. Nínú ètò ìlera ti ìjọba, ìyẹn NHIA, ọkọ tàbí ìyàwó kan àti ọmọ bíbí mẹ́rin tí ò tíì pé 18 ni owó òṣìṣẹ́ gbé. Ìyàwó kan o. Mo mọ bàbá kan ní Gwagwalada tó kọ orúkọ ìyàálé sílẹ̀, ìyàwó kejì rí káàdì yẹn lórí tábìlì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá fi ra oúnjẹ jẹ níta. Òbí àti àna ò sí nínú ẹ̀, àyàfi kó o san owó lé e fún wọn bí extra dependant. Àmọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni nìwọ wà, plan tí wọ́n rà fún yín ló máa sọ̀rọ̀, àwọn plan kan gba òbí ẹni, wọn ò gba ti ọkọ. Lọ bá ẹni tó ń mójú tó HMO ní ọ́fíìsì yín, mú NIN màmá àti fọ́tò pélébé wọn dání, béèrè iye tó jẹ́ lọ́dún, béèrè ọjọ́ orí tí wọn ò ní í gbà kọjá. Tí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ lórí ìwé bóyá wọ́n á tọ́jú ẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, àbí oṣù mélòó ni màmá gbọ́dọ̀ dúró, kó o tó sanwó.